Òfì Tí Mosún Gbé Dúró ní Gánà

Nígbà tí èmi náà ṣì wà ní ọ̀dọ́, tí orúnkún yìí kò tíì máa bá mi jiyàn, mo rìn dé Gánà. Tèmi ọmọ mi, má rẹ́rìn-ín. Àbí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn láti wáṣẹ́ lọ sí ìlú onílùú? Ẹ gbé fóònù yẹn súnmọ́ mi dáadáa tí ẹ bá fẹ́ gba ohùn mi sílẹ̀. Èdè ìwé ni mo máa fi sọ ọ́, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ yìí tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin. Bí mo bá ṣèèṣì pe ilé ní ulé, tí mo pe iṣẹ́ ní uṣẹ́, kó má fi mí rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Ìlúpéjú níbí nìyẹn.

Àwa méjì la lọ. Èmi àti Mosún. Ilé bàbá rẹ̀ ló tẹ̀lé ti bàbá mi. Ẹ gbọ́, ẹ ò tíì rí irú Mosún rí. Ó kúrú, ó dúdú, ó sì lágídí. Bí Mosún bá ti ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Ẹnu rẹ̀ kò dùn, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀... háà, ọwọ́ rẹ̀ dára.

Nígbà yẹn, kò sí ilé tí ẹ máa wọ̀ nílùú yìí tí ẹ ò ní bá òfì tó dúró ti ògiri. Obìnrin ló ń hun aṣọ. Igi méjì lóòró, igi méjì níbùú, ìwọ obìnrin á jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, wàá máa fi apasà gbá òwú mọ́lẹ̀, gbà, gbà, gbà. Apasà yẹn, pákó pẹlẹbẹ ni, ó gùn tó apá, etí rẹ̀ tín-ín-rín, ọwọ́ ìyá àti ìyá ìyá ti mú un dán. Kíjìpá la ń hun. Aṣọ tó nípọn. Òun la fi ń pọnmọ, òun la fi ń bora, òun la fi ń roko. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Táwẹ̀lì lẹ mọ̀.

Táwẹ̀lì náà ló sì lé wa kúrò nílé. Aṣọ òyìnbó dé ọjà, ó fúyẹ́, ó ní òdòdó lára, gbogbo ìyá ọlọ́mọ sáré tẹ̀lé e. Ìyá Mosún hun kíjìpá títí, ó ń kó o sínú àpótí, kò rẹ́ni rà á. Lọ́jọ́ kan, a ti oko dé, bàbá Mosún ti tú òfì náà, ó ti fi igi rẹ̀ ṣe ọgbà ewúrẹ́. Mosún dúró, ó ń wo igi yẹn. Ewúrẹ́ ń fara ha á. Kò sunkún. Ó kàn yíjú sí mi, ó ní, “Rẹ̀mí, ibì kan á wà láyé yìí tí wọ́n ṣì ń wá ẹni tó mọ aṣọ hun. Jẹ́ ká wá a lọ.”

Bàbá rẹ̀ kọ̀. A bẹ̀ ẹ́, a tún ní kí àlùfáà ìjọ wa bá wa bẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn, ó pè wá, ó ní, “Ẹ máa lọ. Bí ẹ bá rí uṣẹ́ òfì, ẹ jókòó tì í. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ padà wá sí ulé, kí Mosún wá máa bá mi ṣa kòkó. Mi ò bí ọmọ kó lọ máa fọ abọ́ ní ulú onílùú.” Mosún ní òun gbọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn o, nítorí òun ló fi ojú mi rí màbo lọ́nà.

Kí la dì? Ìyá mi rán okùn méjì mọ́ àpò ìdọ̀họ, ká lè gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Gààrí wà níbẹ̀, ẹ̀pà díẹ̀, aṣọ ìbora kíjìpá kan ṣoṣo, àti apasà méjì, tèmi àti tirẹ̀. Kò sí fóònù. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń sọ fúnni pé yà sọ́tùn-ún, yà sósì. Ẹnu la fi ń wá ọ̀nà. A fẹsẹ̀ rìn dé Ọ̀yẹ́. Ibi tí ẹ ti kàwé yẹn, oko ni mo mọ̀ ọ́n sí. Níbẹ̀ la ti wọ lọ́rì tó kó kòkó lọ sí Ìbàdàn, orí àpò kòkó la jókòó sí, Mosún ń kọrin ìjọ, àwọn ọmọ ọkọ̀ ń gbè é. Inú rẹ̀ dùn... Ẹ máa rò pé ilé ọkọ ni wọ́n ń sìn ín lọ.

Ní bodè, wọ́n tú ẹrù wa. Ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ fa apasà yọ, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní idà ni. Ó ní kí ni ọmọbìnrin méjì ń fi idà ṣe? Èmi ti ń bẹ̀ ẹ́. Mosún kò bá a jiyàn. Ó fa òwú yọ létí aṣọ ìbora wa, ó na án mọ́ ẹsẹ̀ àga tí ọkùnrin náà jókòó lé, ó jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun. Ọkùnrin yẹn ò lè dìde, kó má baà já òwú. Èrò pé jọ. Nígbà tó hun ún tó fífẹ̀ ìka kan, ó gé e, ó so ó mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, idà tiwa kì í gé nǹkan. Ó ń so ó pọ̀ ni.” Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀ títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká máa lọ. Ta ni nínú yín tó lè ṣe irú rẹ̀? Èmi ò lè ṣe é o.

Nígbà tí a fi máa dé Lómè, gààrí ti tán. Ìyá kan tó gbọ́ Yorùbá rí wa, àánú wa ṣe é, ó ní ká wá máa bá òun ta búrẹ́dì. Oúnjẹ wà, ibùsùn wà. Mo ti sọ àpò kalẹ̀ ní tèmi. Mosún dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá yẹn, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó wá ní a ò ṣe. Mo bínú. Mo bá a jà lójú títì, ebi ń pa mí. Mo ní, “Bàbá rẹ ò sí níbí, Mosún. Ta ló máa sọ fún un?” Ó ní, “Mo mọ̀ pé kò sí níbí. Èmi wà níbí.”

Ẹ ò rí nǹkan? Èmi wà níbí. Ẹni tí kò jẹun láti àná ló ń sọ̀rọ̀ yẹn o.

Ariwo ìjà wa náà ló ṣe wá láǹfààní. Ìyá ará Ọ̀ffà kan ń kọjá lọ, ọmọ ìpínlẹ̀ yín ni, ìwọ ọmọ Ìlọrin. Ó ń ta abọ́ tánganran ní Gánà, ó ti pẹ́ níbẹ̀, ó gbọ́ èdè wọn bí ọmọ onílẹ̀. Ó dá sí ìjà wa, ó gbọ́ ohun tí à ń wá, ó ní òun ń gbé nílùú kan lẹ́bàá ọ̀sà, òfì ni wọ́n fi ń jí, òfì ni wọ́n fi ń sùn. Mosún wò mí. A tẹ̀lé ìyá náà.

A débẹ̀ lóòótọ́, a gbọ́ ìró òfì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yọ sí abẹ́ àtíbàbà wọn... ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ọkùnrin onírùngbọ̀n! A ti ń gbọ́ ọ pé ọkùnrin ń hun aṣọ lápá Ọ̀yọ́, a ò fojú rí i rí. Ẹ̀rín pa wá. Nígbà tí ìyá ará Ọ̀ffà sọ fún wọn pé àwa obìnrin yìí ń wá iṣẹ́ òfì, ẹ̀rín pa àwọn náà, wọ́n fẹ́ ṣubú lórí àga. Àgbà wọn nìkan ni kò rín. Ó ní obìnrin kì í jókòó sídìí òfì àwọn, èèwọ̀ ni. Bí a bá fẹ́, ká wá máa rànwú fún àwọn ọkùnrin, bíi ti ìyàwó ọmọ òun. Ó nawọ́ sí i. Áfi lorúkọ rẹ̀, ẹgbẹ́ wa ni, ó pọnmọ, ìdí òwú ló wà. Ó ń wò wá, kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá ará Ọ̀ffà ní ó ti parí. Ó ní lọ́rì kan ń padà sí Èkó lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, òun á bẹ awakọ̀ kó gbé wa. Èmi ti múra ilé. Ṣé ẹ rí i, bí a bá wọ lọ́rì yẹn, ìdí kòkó ni Mosún máa wà títí ọjọ́ ayé rẹ̀, kò sì tún ní fọwọ́ kan òfì mọ́. Ó mọ̀. Ó jókòó sẹ́yìnkùlé ìyá náà, ó ń wo ògiri. Ó wá dìde, ó tọrọ ọparun lọ́wọ́ ìyá náà, ó gbé òfì dúró. Òwú ńkọ́? A ò ní òwú. Mosún mú aṣọ ìbora wa, ọ̀kan ṣoṣo tá a ní, èyí tí ìyá rẹ̀ hun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Mo ní, “Kí la máa fi bora?” Ó ní, “Fẹ̀yìn tì mí.” Bẹ́ẹ̀ la ṣe sùn nìyẹn, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ wa.

Ọ̀rọ̀ ò pẹ́ kó tó dé etí àgbà. Ó dé pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, gbogbo àdúgbò tẹ̀lé e. Ó ní ta ló ní kí obìnrin hun aṣọ níbí? Ìyá ará Ọ̀ffà ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀. Mosún kúnlẹ̀, ó gbé apasà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin lẹ nìlú, ẹ̀yin lẹ mọ èèwọ̀ yín, mi ò wá bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó. Òfì tiyín nà sílẹ̀, tèmi dúró. Ẹ̀yin ń jókòó sórí àga, ilẹ̀ ni mo jókòó sí. Aṣọ yín ò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tèmi yí obìnrin nídìí. Ṣé ìdí òfì yín ni mo wà?”

Bàbá yẹn yí òfì ká. Ó fọwọ́ kan aṣọ, ó fà á, ó tún fà á. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ilẹ̀ tí Mosún jókòó sí. Ó wá ní, “Ohun tí àwọn bàbá wa rí ni wọ́n kà léèwọ̀. Èyí, wọn ò rí i rí. Báwo ni wọ́n ṣe máa kà á léèwọ̀?” Ó nawọ́ sí Áfi tó dúró lẹ́yìn. Ó ní aṣọ tó fi ń pọnmọ, ojú ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀ ti já tán, kí Mosún hun ọ̀kan fún un.

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mosún ò sun, ó ti mú apasà rẹ̀ padà.

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Aṣọ ìpọnmọ tí ẹ̀ ń sá fún nílé, wọ́n ń tò sẹ́nu ọ̀nà wa nítorí rẹ̀. Áfi ló ń rànwú wa. Ó máa gbé òwú wá, kò ní tètè lọ. Lọ́jọ́ kan Mosún sún fún un, ó fi apasà lé e lọ́wọ́. Áfi wo ọ̀nà, ó wo apasà, ó jókòó. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń rànwú fún ẹlòmíì, kò hun ìka kan rí. Ẹ ò bá rí ojú rẹ̀. Bàbá ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó ní òfì tó dúró kọ́ ni? Ẹ jẹ́ ó hun ún.

Ọdún mélòó kan la lò. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Lọ́jọ́ tí à ń bọ̀, Mosún gbé apasà rẹ̀ fún Áfi, apasà ìyá ìyá rẹ̀. Mo ní kí ni ìwọ máa wá lò? Ó ní tèmi. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí, apasà kan ṣoṣo làwa méjèèjì ń lò nílùú yìí títí ọwọ́ wa ò fi ṣeé gbé e mọ́. Nígbà tí a délé, bàbá Mosún fọwọ́ ara rẹ̀ tú ọgbà ewúrẹ́ yẹn. Ó gbé igi òfì padà ti ògiri.

Ọdún tí Mosún máa kú, mo máa ń lọ jókòó tì í lọ́sàn-án. Ó ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Nígbà mìíràn, á máa pè mí ní ìyá òun. Ṣùgbọ́n á lajú, á ní, “Rẹ̀mí, ṣé Áfi ṣì ń hun?” Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní, “Mosún, ta ló kọ́ ọ? Ṣebí ìwọ ni. Ó ń hun.” Á rẹ́rìn-ín, á padà sùn.

Ìrìn tiyín dára, mi ò bú u. Ọkọ̀ òfúrufú ni. Ẹ ó sùn lókè, ẹ ó jí nílùú òyìnbó. Ṣùgbọ́n ìlú wo lẹ máa gbà kọjá? Ta lẹ máa bá jà lójú títì tí ẹlòmíì á wá là yín? Ẹ máa fò kọjá lórí ilé Áfi, ẹ ò ní mọ̀... Ayé ti yí padà.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Iṣẹ́ tí ẹ bá rí, ẹ ṣe é, mi ò ní kí ẹ lágídí bíi Mosún. Búrẹ́dì náà, iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ yín mọ̀ láti ilé, ẹ má jẹ́ kó di ọgbà ewúrẹ́. Ẹ wá ògiri kan níbẹ̀, kí ẹ gbé e dúró tì í. Kí ẹ sì fi í lé ẹnì kan lọ́wọ́ kí ẹ tó máa bọ̀, ẹni tí ẹ ó máa béèrè rẹ̀ nígbà tí ẹ bá dàgbà bíi tèmi. Mosún tó ń béèrè Áfi ti lọ. Èmi ni mo wá ń béèrè rẹ̀ báyìí.