Bíṣọ́ọ̀bù Tí Mo Dá Sílẹ̀ Ní Ọ̀kà

Zachariah, jókòó, má tíì mu omi! Ó kọ orúkọ mi sí i! Memunat, ọmọ Kamaldeen tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín wa, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ gbàgàdà pé, "Bàbá Pius, Ọ̀kà Àkókó, ló sọ fún mi." Ta ló ní kó sọ ibi tó ti gbọ́ ọ?

Hẹn, èmi náà ni mo fà á. Ẹnu mi yìí! Ogójì ọdún ni mo fi ń kọrin Látìnì nínú kóyà, gbogbo àdúgbò ń pè mí ní Bàbá Látìnì, èmi náà ń jẹ́. Ọmọ Mùsùlùmí tó ń ka ìtàn nílé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìkàrẹ́ wá kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Filiókúè? Wọ́n ní ó wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìjọ Róòmù àti ìjọ Ìlà-oòrùn ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn." Ṣé mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀ ni? Àgbàyà! Mo fẹ̀yìn ti àga, mo ní bíṣọ́ọ̀bù kan báyìí ni, alágídí, tó kọ̀ láti kí póòpù. Mo tún fún un ní irùngbọ̀n!

Ọmọ náà kọ gbogbo ẹ̀, títí kan irùngbọ̀n. Olùkọ́ rẹ̀ kà á sókè ní kíláàsì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, òdo ló fún un. Ó délé, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò bú mi o, Zachariah! "Bàbá, kò burú," ló sọ. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo sáré lọ bá Fadá. Ó ní, "Ẹ̀yin kẹ̀, Bàbá Pius? 'Àti Ọmọ' ló túmọ̀ sí, pé Ẹ̀mí Mímọ́ ti ọ̀dọ̀ Baba àti Ọmọ wá. Ṣebí ẹ̀ ń kọ ọ́ lórin?" Ogójì ọdún! Mo ń kọ ọ́, mo ń dijú, mo ń mi orí! Olúwa ò, irú èèyàn wo ni mí?

Olùkọ́ ní kó tún un ṣe, kó dáhùn ìbéèrè kan mọ́ ọn, ọ̀sán òní ni wọ́n máa gbà á. Ló bá pè mí lórí fóònù láàárọ̀ yìí, bóyá kí n má bàa rò pé ó ń bínú. "Bàbá, ẹ máa mọ èyí. Àwọn wo ni Àǹtípóòpù?" Mo rẹ́rìn-ín. Èyí kò le rárá! Mo ní àwọn ẹ̀gbọ́n póòpù tó jẹ́ obìnrin ni. Ó dúpẹ́, ó ní òun ti ń kọ ọ́.

Kí ló dé tó o fọwọ́ bojú? Zachariah? Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni? Kí lo ní? Ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní póòpù nígbà tí póòpù gidi wà lórí oyè?

Yéè! Gbé ọ̀kadà rẹ jáde! Yé rẹ́rìn-ín, mo ní kó o gbé ọ̀kadà jáde, ká lé e bá ní Ìkàrẹ́!