Tapólì Tí Mo Ká Ní Tútù

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tíì wọ bàtà rẹ̀. A ti kírun Jímọ̀ tán, mo sì mọ̀ pé oko ń dúró de ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi fún ọdún mẹ́rin gbáko, kò sì jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Ìdúró náà ni n ó ti sọ ọ́. Bàbá Adéyanjú, Baálẹ̀ wa, ẹ fetí sí mi. Alùfáà Bùrẹ́ímọ̀, ẹ bá mi dá àwọn ọ̀dọ́ dúró. Ròkíátù, ìyàwó mi, mo rí ọ láàárín àwọn obìnrin lọ́hùn-ún. Gbé Fàúsátù, ọmọ wa, lé ẹsẹ̀, kí o gbọ́ ohun tó yẹ kí n ti sọ kí n tó gbé ọ wọlé. Èmi Sàlísù, tí mò ń rán tapólì, tí mo sì ń fọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè ní Ìfọ̀, èmi ni mo ba irúgbìn ìrẹsì yín jẹ́ ní ọdún 1955. Mùíbì kò jalè. Ẹ má tíì pariwo. Bí ẹ bá pariwo ẹ̀rù á bà mí, n ó sì tún purọ́, nítorí mo mọ ara mi.

Ẹ ó ní kí ló dé tó fi jẹ́ òní. Ìyá Hàfísátù ni, ìyá Mùíbì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí wọ́n ti dùbúlẹ̀, tí wọn ò jẹ ju omi ògì lọ, gbogbo wa la sì mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Bádéjọ lọ bá Mùíbì ní Èjìnrìn, níbi tó ti ń tukọ̀ báyìí, pé kó wá rí ìyá rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni Bádéjọ padà, ṣọ́ọ̀bù mi ló sì yà sí kó tó sọdá odò. Ó ní, "Ẹkún ló ń sun, Sàlísù. Àmọ́ ó ní òun ti búra pé òun ò ní tẹ ilẹ̀ Mówè, àfi bí ẹni tó sọ pé ọ̀bẹ ló ya tapólì bá sọ pé kì í ṣe ọ̀bẹ. Ó ní bí òun bá wá wọlé bí olè, ìtìjú ló máa pa ìyá òun, kì í ṣe àìsàn." Bádéjọ mu omi, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, òwú kò wọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́ lọ́wọ́ mi. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Èmi ni mo sọ pé ọ̀bẹ ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Olóògbé Bàbá Láwàl ló kọ́ mi níṣẹ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ odò Ògùn ló ń gbé iṣẹ́ wá fún wa jù, nítorí tapólì ni wọ́n fi ń bo ẹrù inú ọkọ̀. Ẹ rò pé òjò ni ọ̀tá tapólì? Rárá o, bíbu ni. Bí a bá ká a ní tútù, tí atẹ́gùn ò dé ibẹ̀, nǹkan funfun kan á hù lára rẹ̀ bí irun orí ọmọ tuntun, yóò di àmì dúdú, òwú á sì máa jẹrà láti inú nígbà tí òde rẹ̀ ṣì dára. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni Bàbá Láwàl mọ̀, kò sì sí àbùjá níbẹ̀. A ó sá a sóòrùn, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn ohun tó bu kúrò níta gbangba. A ó wá fi omi, iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, ọṣẹ dúdú ò gbọdọ̀ kàn án. Ọjọ́ méjì ni yóò fi wà lóòrùn tí a ó máa yí i. Lẹ́yìn náà ni a ó yọ́ ìda oyin mọ́ kẹrosíìnì, a ó fi pa á níwọ̀nba. Kí n tó ká a, Bàbá á ní kí n gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé gbogbo ojú rírán. Wọ́n á ní, "Ọwọ́ rẹ lè tàn ọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í tan ni. Bó bá tutù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Má ká a." Ohun tí wọ́n sì kìlọ̀ rẹ̀ fún mi jù ni àdín. Ọ̀lẹ a máa fi àdín pa tapólì, omi á máa yọ̀ bọ́ lórí rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, yóò máa dán, inú ẹni tó ni í á sì dùn. "Àdín yẹn gan-an ni bíbu ń jẹ," ni Bàbá Láwàl máa ń wí. "Ẹni tó fi í pa tapólì ti gbé oúnjẹ ka iwájú ọ̀tá."

Lọ́dún náà, omi ya wọ oko yín, ó gbé irúgbìn lọ. Ẹ̀yin àgbààgbà ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta, irúgbìn mìíràn sì máa wá nínú ọkọ̀ ojú irin dé Ìfọ̀, kí Mùíbì tó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e gba orí odò wá sí èbúté Ìbàfò. Ọ̀rẹ́ mi ni Mùíbì. Láàárín ààwẹ̀ ló ti gbé tapólì rẹ̀ wá. Ó ní, "Sàlísù, bá mi fọ̀ ọ́ dáadáa o. Oúnjẹ Mówè ló ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò ò jẹ́ kó gbẹ, ọjọ́ mẹ́rin ni òjò fi rọ̀. Ìtúnu ààwẹ̀ sì dé. Mo ti rán bùbá àti ṣòkòtò tuntun, ẹsẹ̀ ń yún mi láti wá ṣọdún níbí. Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dé gbòǹgbò: nítorí Ròkíátù ni. Àfẹ́sọ́nà Mùíbì ni, gbogbo ayé ló mọ̀, ojú mi ò sì kúrò lára rẹ̀. Mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé tapólì náà. Ó tutù. Mo ká a. Mo tì í sí igun ilé, mo gbé ẹrù lé e lórí, mo sì wá sí Mówè wá jẹ, wá mu, wá rẹ́rìn-ín fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Nígbà tí mo padà dé, òórùn rẹ̀ ló kí mi káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo tú u, ó ti funfun láti etí dé etí, àmì dúdú sì ti gba ojú rírán kan. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Mùíbì ń bọ̀ wá gbé e. Ẹ gbọ́ o, ọjọ́ méjì péré ni mo nílò! Kí n kàn sọ fún un pé ó bu, kó fún mi ní ọjọ́ méjì. Ì bá bú mi, ì bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún oṣù kan, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtìjú kékeré ni mo sá fún. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ojú rẹ̀, mo sì sáré lọ gba àdín lọ́dọ̀ Mùnírátù tí ń tà á ládùúgbò wa. Ó ní, "Sàlísù, ìgò mẹ́ta? Ṣé o fẹ́ fi wẹ̀ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fi ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa á. Nígbà tí Mùíbì dé, ó fọwọ́ ra á, ó ní, "Ó mà ń dán o! Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ." Mo ṣe àmín. Àpò irúgbìn ò sì tètè pé ní rélùwéè. Ọjọ́ mẹ́fà ni tapólì yẹn fi wà ní kíká nínú ọkọ̀, tí bíbu ń jẹ àdín, tó sì ń jẹ òwú mọ́ ọn. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo ní láti sáré lọ sétí odò lọ sọ òótọ́. N kò lọ.

Ẹ̀yin náà rántí òjò ọjọ́ tí Mùíbì wá gbéra. Mùíbì sọ ọ́ níwájú yín, kò sì fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ojú mi ni tapólì ti ya bí ewé kókò. Omi ń kún ọkọ̀, mo ju àpò mẹ́ta sódò kí ìyókù má bàa rì." Ẹ̀yin wo àpò tó tutù tí ìrẹsì inú rẹ̀ ti ń rà, ẹ wo àpò mẹ́ta tí kò sí, ara yín ò gbà á. Ẹnì kan ní ó ti tà wọ́n létí odò, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ya tapólì kó lè di ẹ̀bi òjò. Bàbá Adéyanjú, ẹ̀yin ò yára dájọ́. Ẹ ní kí Afọlábí, ọmọ yín, gbé tapólì náà wá bá mi ní Ìfọ̀ ní kíká bó ti wà, kí ẹnikẹ́ni tó tú u, kí èmi tí mo mọ iṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí n sì gbé e wá sí ààfin lọ́túnla. Èmi ni ẹ gbẹ́kẹ̀ lé o. Ẹ gbé àgùntàn fún ìkookò pé kó bá yín ṣọ́ ọ.

Ẹ̀rù ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ń bà mí ju gbogbo èyí tí mo ti sọ lọ. Ọ̀sán gangan ni, èmi nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo tẹ́ tapólì náà sílẹ̀. Ibi tó ti ya rí jákujàku, òwú ń bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí eérú, ọmọdé tó bá rí i á mọ̀ pé ó jẹrà ni. Mo tún wò ó. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo mú ọ̀bẹ tí mo fi ń gé aṣọ, mo sì gé gbogbo etí tó jẹrà kúrò, mo gé e gbọnrangandan, ibi tí aṣọ ti le ni ojú ọ̀bẹ wá wà. Mo sun èyí tí mo gé kúrò nínú ààrò. Mo wá fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ìyókù, mo sá a, mo yí i, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án níbi gbogbo títí ó fi gbẹ. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo fọ tapólì Mùíbì bó ti yẹ nìyẹn, kí òórùn rẹ̀ má bàa tú mi fó. Bí ẹ bá bi mí pé ìbẹ̀rù nìkan ni, n ó ní ìbẹ̀rù ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀bẹ dé ìdajì, Ròkíátù ló wá sí mi lọ́kàn, ọwọ́ mi sì yá sí i.

Ní ààfin, Bàbá bi mí pé, "Sàlísù, ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí. Ṣé ó ya fúnra rẹ̀ ni, àbí ọ̀bẹ ni?" Ròkíátù kúnlẹ̀ lẹ́yìn èrò, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀ọ̀dá Sàlísù, àwọn àmì dúdú tó wà lẹ́bàá ibẹ̀ ńkọ́?" Mo ní, "Ẹrẹ̀ odò ni, àbúrò mi." Mo wá kọjú sí Baálẹ̀, mo ní, "Ọ̀bẹ ni, Bàbá." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ìyá Hàfísátù figbe ta, wọ́n tú gèlè lórí. Mùíbì kàn ń wò mí.

Mùíbì wá bá mi lọ́jọ́ tí ìtìjú lé e kúrò nílùú. Mo rò pé ó wá lù mí ni, inú mi ì bá sì dùn bó bá lù mí. Ó gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Sàlísù, n kò bínú sí ọ. Ojú ló tàn ọ́. Bó o bá tún un wò lọ́kàn rẹ lọ́jọ́ kan, tó o sì rí i pé kì í ṣe ọ̀bẹ, sọ fún wọn. Ọjọ́ náà ni n ó padà wálé. Bá mi máa yọjú sí ìyá mi." Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọwọ́ tó mú ọ̀bẹ ló bọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn! Mo sì yọjú sí ìyá rẹ̀ lóòótọ́, ojú burúkú tí mo ní. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń gbé ẹja lọ fún wọn. Wọ́n á gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n á ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọmọ tìrẹ jìnnà sí ọ." Lọ́dún 1957, mo fẹ́ Ròkíátù. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó pé òun gbà mí nítorí pé n kò bo olè, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Mo gbọ́ ọ, mo sì jẹun yó lọ́jọ́ náà.

Ó tán. Bàbá Adéyanjú, kì í ṣe ọ̀bẹ. Mo sọ ọ́ níwájú Ọlọ́run àti níwájú yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, ẹ wo ojú mi dáadáa. N kò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni lára nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, aṣọ tútù lásán ni mo ká nítorí pé mo fẹ́ lọ ṣọdún. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ké gbàjarè lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó di pé ẹ ó máa wá ẹni tí ẹ ó di ẹ̀bi rù. Ẹ̀yin àgbààgbà, ẹ ṣe mí bó ti tọ́ ní ìlú yìí, n kò ní sá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí Bádéjọ mú ọ̀nà Èjìnrìn pọ̀n nísinsìnyí, kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ jẹ́ kó gba ọkọ̀ tó bá yá jù.

Ròkíátù, n kò ní kí o dárí jì mí lónìí. Bó o bá gbé ọmọ lọ sílé bàbá rẹ, n kò ní tẹ̀lé ọ. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ kò ju ẹyọ kan lọ, pé kí o sìn mí dé yàrá Ìyá Hàfísátù, nítorí ẹsẹ̀ mi ò lè dá gbé mi débẹ̀. Bí o kò bá lè ṣe é, n ó rákòrò lọ. Wọ́n ti sọ fún mi pé ìyá ò sọ̀rọ̀ mọ́ láti àárọ̀, pé wọ́n kàn ń mi orí ni. Ẹ yà fún mi lọ́nà, ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé ọmọ wọn kì í ṣe olè, kí etí wọn tó di.