Ìpè Tí Mi Ò Pè

Ẹ jókòó, gbogbo yín, ẹ̀yin ọmọ ìyá mẹ́rin. Dókítà ní kíndìnrín mi ò ní pẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi pa á mọ́. Lónìí, màá tú u jáde, bó bá wù yín kí ẹ tutọ́ sí mi lójú.

Ọ́fíìsì mi ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ò ju yàrá kan lọ: tábìlì méjì, fóònù kan, kọ́bọ́ọ̀dù irin tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í pa dé. Iṣẹ́ mi ni pé bí ẹlẹ́wọ̀n bá fẹ́ jáde, kí n kọ́kọ́ pe ẹni tó ṣe ní ibi, kí onítọ̀hún lè wá ibi forí pamọ́ sí. Ìwọ aránṣọ láàárín wọn, ọ̀dọ̀ wa ni ọkọ rẹ ti ń ṣẹ̀wọ̀n, oṣooṣù lò ń wá jókòó síwájú mi. Wàá na ọrùn kí n tún rí àpá áyọ́ọ̀nù gbígbóná tí ọkọ rẹ lẹ̀ mọ́ ọ lára. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà wo ni wọ́n máa tú u sílẹ̀? Ẹ má jẹ́ kó bá mi lójijì." Ọ̀rọ̀ kan náà, títí ó fi sú mi. Kí n má fi irọ́ kú: mi ò fẹ́ràn rẹ nígbà náà, mi ò fẹ́ràn rẹ títí di òní. Lọ́jọ́ tí mo ní kí o dúró níta, ọ̀dọ̀ ọ̀gá lo gbà lọ, ọ̀gá sì bú mi bí ọmọdé lójú àwọn wọ́dà. Láti ìgbà náà ni mo ti dì ọ́ sínú.

Nígbà tí ìwé dé pé wọ́n dín ọdún ẹ̀wọ̀n ọkọ rẹ kù, pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni yóò jáde, mo gbé fóònù. Mo gbé e kalẹ̀. Mo ní, "Jẹ́ kí àyà tiẹ̀ náà já díẹ̀." Ẹ gbọ́ ẹnu burúkú! Mo ti ìwé náà sábẹ́ àwọn fáìlì tó ti gbó, mo sì lọ sílé.

Lọ́jọ́ Rú, ó kan ilẹ̀kùn ilé aránṣọ. Ìyá yín tó wá kí ọmọ rẹ̀ ló dìde lọ ṣí i, torí aṣọ wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Kí aránṣọ tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì, ọkùnrin yẹn ti gún ìyá yín lọ́bẹ pa.

Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Rárá o. Nígbà tí ìgbìmọ̀ fẹ́ wádìí ikú rẹ̀, ọ̀gá pè mí wọlé, ó tilẹ̀kùn. "Ṣé o pè é?" Mo ní, "Rárá, sà." Ó ní, "O pè é. Kọ ọ́ sínú ìwé pé o pè é. Àwa méjèèjì la ní ọmọ nílé." Mo kọ ọ́. Mo wá fi tèmi lé e, èyí tí ẹnikẹ́ni ò rán mi: mo búra níwájú ìgbìmọ̀ pé ìwọ aránṣọ fèsì fún mi pé, "Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀, ẹ̀rù rẹ̀ ò bà mí mọ́."

Ẹ̀gbọ́n yín àgbà wà ní ìjókòó. Mo rí i bó ṣe yíjú sí ọ. "O mọ̀, o sì jẹ́ kí ìyá wa lọ ṣílẹ̀kùn?" O ní, "Irọ́ ni, bùọ̀dá mi, ẹnikẹ́ni ò pè mí." O sunkún títí ohùn rẹ fi há. Ta ni yóò gbà ọ́ gbọ́? Èmi ni mo wọ yúnífọ́ọ̀mù. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ ìyá rẹ lé ọ kúrò nídìí sàréè ìyá rẹ. Mo gbọ́, mo sì jẹun yó.

Ọ̀dọ́ yòówù tí wọ́n bá gbé irú fóònù yẹn fún, kó má fi ìbínú rẹ̀ sí i. Aránṣọ, mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí. Mo mọ̀ pé o ò ní ṣe é. Kí lo wí? Pé kí n tún un sọ, kí bùọ̀dá rẹ gbọ́ dáadáa? Mi ò pè é. Mi ò pè é rárá, bùọ̀dá. Kò mọ nǹkan kan. Ẹ dákun, ẹ yé wò mí. Ẹ yíjú sí àbúrò yín tó dá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ bẹ̀ ẹ́, kí èmi náà gbọ́.