Ohun Tí Sàfúrátù Sọ Tí N Kò Túmọ̀

Kì í ṣe Sàfúrátù ló purọ́. Ẹ̀yin ará wa ní àdúgbò Bépanda yìí, ohun tí mo fi ní kí Bàrákàt ọmọ mi pè yín jọ sílé nìyẹn. Dókítà ti sọ iye ọjọ́ tó kù fún mi, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ilẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí, èmi Kàdíját, tíṣà Faransé. Kò sí obìnrin Yorùbá tó gbọ́ èdè náà tó mi ní Douala. Bí kò bá sẹ́ni tó sọ ọ́, èmi a sọ ọ́ fún ara mi. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ilé ìwòsàn kan ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aláboyún bóyá wọ́n ń mu sìgá. Wọ́n ní kí n wá máa túmọ̀ fún àwọn tiwa. Mo múra bí ẹni ń lọ joyè.

Obìnrin mẹ́tàdínlógún ní rárá. Ó wá kan Sàfúrátù, ìyàwó Fùwàd tó ń ta bàtà ní Ndokoti. Ó wolẹ̀. "Màmá, mò ń mu ún. Márùn-ún lójúmọ́, nínú balùwẹ̀. Mo ti gbìyànjú, n kò lè fi í sílẹ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n ràn mí lọ́wọ́."

Martine, nọ́ọ̀sì tó mú bírò dání, ní, "Alors, Madame? Oui ou non?" Bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá ló ń béèrè.

Mo ro ohun tí wọn yóò máa sọ nípa wa: ìbòrí lókè, èéfín nísàlẹ̀. Mo ní, "Non. Ó ní ẹ kú iṣẹ́."

Martine rẹ́rìn-ín sí i. Sàfúrátù bi mí, "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i."

Ẹ má tíì ṣépè, ó ṣì kù. Lóṣù kejì, wọ́n ní kí kálukú tọ̀ sínú ike, kí wọ́n fi yẹ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wò. Mo gba ike Sàfúrátù pé n óò bá a gbé e fún wọn, mo da tirẹ̀ nù. Èmi àgbàlagbà ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta lóṣòó nílé ìgbọ̀nsẹ̀, mo tọ̀ sí i. Nígbà tí èsì dé, dókítà ní kò sí òpùrọ́ kan láàárín àwọn ará Nàìjíríà. Ẹ̀yin náà pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo tẹríba.

Ọmọ náà dé ṣáájú oṣù rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò. Bóyá sìgá ni, Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ rí Sàfúrátù tó ń mu sìgá ní gbangba, ẹ ní irọ́ tó pa fún dókítà ló pa ọmọ rẹ̀. Mo jókòó láàárín yín, mo ń mi orí.

Lánàá ó gbé ọbẹ̀ ẹja wá, ó ń fi ṣíbí bọ́ mi. "Màmá, ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ pé mo sọ òótọ́. Ṣé bí àwọn ará ilé ìwòsàn ò ṣe ka èèyàn sí nìyẹn? Ẹ ṣáà yanu." Mo yanu, mo jẹ ẹja.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ gbọ́ Faransé, bí wọ́n bá ní kí ẹ bá ẹnìkan túmọ̀, ohun tó bá sọ ni kí ẹ sọ, ì báà dójú ti gbogbo wa. Sàfúrátù, má tíì jáde. N kò ní ẹnu láti fi tọrọ àforíjì. Martine kò gbọ́ ohun tí o sọ. Ká ní ó gbọ́ ni, ì bá dá ọ lóhùn.