Lẹ́tà Bàbá Sènámì

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi, mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi pàápàá. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé òkúta ibojì kan ń dúró dè mí.

Mo fẹ́ràn lẹ́tà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Fúnra mi ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fọ́ǹtì, ìyẹn àwòrán lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé.

Bàbá Sènámì ló máa ń kọ orúkọ sára ọkọ̀ àwọn apẹja létíkun wa. Lẹ́tà rẹ̀ ga, ó fún, ó sì ki. Apá tó dúró máa ń nípọn bí àtàǹpàkò méjì, èyí tó dábùú á wá tín-ín-rín. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ kékeré nísàlẹ̀, bí ẹni tó wọ bàtà. Pákó iwájú ọkọ̀ kò fẹ̀, ó sì fẹ́ kí àwọn ìyàwó apẹja lè ka orúkọ náà láti orí iyanrìn kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Àmì abẹ́ Ẹ àti Ọ, kì í ṣe é ní róbótó lọ́tọ̀. Ó máa ń fà á bí igi kúkúrú, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́tà, torí ó ní omi òkun á tètè bó o tí kò bá rí nǹkan dì mú.

Mo ya fọ́tò àwọn ọkọ̀ náà. Mo tọ ipa ọwọ́ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà títí gbogbo lẹ́tà fi pé. Mo fi orúkọ ara mi pe fọ́ǹtì náà, mo sì gbé e síta fáwọn tó ń tẹ pátákó. Mi ò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo rò nígbà yẹn pé ìfẹ́ ni. Àwọn èèyàn yìn mí, wọ́n ní ó rí bí pátákó ayé àtijọ́.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ń ta ẹja yíyan gbé pátákó tuntun síta. Lẹ́tà náà ló wà lára rẹ̀. Bàbá dúró, ó ń wò ó; èmi náà wà níbẹ̀.

“Ọwọ́ mi nìyí,” ló wí. “Èmi kọ́ ni mo sì kọ ọ́.”

Apẹja kan rẹ́rìn-ín. “Dàágbó, bàbá wa, ABD náà ti di tiyín? Ká máa wá tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ yín nìyẹn.”

“Ẹ wo abẹ́ Ọ yẹn. Ta ló tún ń so ó bẹ́ẹ̀?” Ó kọjú sí mi. “Ìwọ mọ lẹ́tà. Sọ fún wọn.”

Mo ní, “Bàbá, lẹ́tà máa ń jọra.”

Ó gbé agolo ọ̀dà rẹ̀, ó lọ. Wọ́n ń pè é ní Bàbá ABD láti ìgbà náà, kò sì kọ ọkọ̀ mọ́.

Èyí tí mo ṣe lẹ́yìn náà ló burú jù. Mo gé igi kúkúrú yẹn kúrò lábẹ́ gbogbo lẹ́tà, mo fi àmì róbótó síbẹ̀. Mo tún pátákó ẹlẹ́ja náà tẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ̀rí Bàbá má baà sí níbì kankan mọ́.

Bàbá ti kú báyìí. Sènámì ọmọ rẹ̀ wá bá mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi lẹ́tà yín yẹn kọ ‘Ẹ sùn re o, Bàbá’ sórí òkúta wọn. Ó fi díẹ̀ jọ tiwọn.”

Mo ti tò ó sórí kọ̀ǹpútà. Mo ti dá igi kúkúrú náà padà sábẹ́ Ẹ. Tí Sènámì bá rí i, á mọ̀ ọ́n, á sì bi mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n sọ fún un kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, nígbà tó ṣì ń sunkún? Àbí kí n dákẹ́, kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún iṣẹ́ bàbá ẹ̀? Ẹ má sọ fún mi pé lẹ́tà lásán ni. Bàbá ní kí n sọ fún wọn lọ́jọ́ yẹn, mo sì mọ̀.