Òrùka Pẹ́ńsù Bàbá Wa Kì Í Ṣe Ẹ̀wọ̀n Ẹrú

Fàwáz, má wulẹ̀ fún mi ní àga, mi ò jókòó. Ẹni tí wọ́n sọ ilé bàbá rẹ̀ di ilé olówò ẹrú, ṣé ìyẹn ń jókòó? Ìwọ tí mò ń pè lọ́mọ mi, ìwọ tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé nǹkan bàbá wa fún pé kí o fi sínú ilé ohun àtijọ́ rẹ yìí káyé lè rí i, ìwọ lo wá kọ ọ́ sára páálí pé "Ẹ̀wọ̀n ìka ẹrú, láti ilé Akíndé." Háà! Ẹ̀wọ̀n ìka? Ta ló ń de ẹrú níka?

Òrùka pẹ́ńsù ni! Mo sọ ọ́ fún ọ níbí yìí, lójú ìyàwó rẹ. Òyìnbó ló ṣe é ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, kí ẹni tó ń kọ̀wé má baà máa wá pẹ́ńsù kiri. Wàá ki ìka bọ̀ ọ́, ihò apá kan gba pẹ́ńsù, ihò apá kejì gba rọ́bà tí wọ́n fi ń pa ìwé rẹ́, ó tán. Bàbá tó bí bàbá bàbá mi ló ń lò ó, òun ló ń bá ará ìlú kọ lẹ́tà. Bàbá náà ò sì mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀, ká má parọ́ mọ́ òkú, rọ́bà rẹ̀ ló ń tètè tán ju pẹ́ńsù lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ ọmọ aráyé ò ju pé ó ń kọ orúkọ wọn sódì, ó sì ń bá wọn pa á rẹ́.

Kí lo wí? Pé àlejò tó ń lọ wo Gberefu, etíkun tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ sókè òkun, ò ní dúró wo pẹ́ńsù? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ní Badagry yìí, irin tó bá ti dípẹtà, ẹ̀wọ̀n ẹrú ni. Lọ́jọ́ kan wàá gbé kọ́kọ́rọ́ balùwẹ̀ mi, wàá ní ẹrú ni mo fi ń tì mọ́lé.

Wọ́n tún ní ò ń sọ fáwọn àlejò pé ẹran ìka ẹrú ló gbẹ sínú ihò yẹn, pé obìnrin kan láti òkè òkun sunkún títí wọ́n fi fún un lómi mu. Wallahi, rọ́bà ni! Rọ́bà ni obìnrin yẹn ń sunkún fún!

Èyí tó dùn mí wọra rèé. Ta ló kó àlejò wá síbí ní Sátidé, bí kò ṣe Àlùhájì Jàmíù ti Mowo, bàbá Zàíd tó fẹ́ fẹ́ Hidayah ọmọ mi? Ó ka páálí rẹ. Ó tún un kà. Ó wá ránṣẹ́ sí èmi Safiyat pé ká dá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dúró ná, pé òun ò lè gba ọmọ ilé tó ta èèyàn fún ọmọ òun. Hidayah ò jẹun láti àná o! Ọmọ tí kì í foúnjẹ ṣeré! Ṣé ìwọ lo máa fẹ́ ẹ ni, Fàwáz? Ṣé ìyàwó rẹ á gbà?

Má bẹ̀ mí. Èmi kọ́ lo máa bẹ̀. Mowo là ń lọ báyìí, ìwọ lo sì máa fẹnu ara rẹ ṣàlàyé. Mú un jáde nínú gíláàsì yẹn. Ki ìka bọ̀ ọ́ kí n rí bó o ṣe máa fi hàn wọ́n. Kì í ṣe ìyẹn, èyí tó tẹ̀lé àtàǹpàkò. Ẹ̀n-ẹ́n. Tì í wọlé dáadáa. Ṣó o ti wá rí ibi tí pẹ́ńsù ń gbà? Ó tó, yọ ọ́.

Yọ ọ́ kẹ̀.

Kò yọ bí ti báwo? Fàwáz! Ó há? Ha! Ha-ha-ha! Subhanallah, ẹ gbà mí! Má fi ọṣẹ kàn án o, fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀! Láti àádọ́jọ ọdún, ẹnì kan ṣoṣo tí òrùka bàbá wa tíì dè nìyí! Ó yá, bọ́ síta, kẹ̀kẹ́ ń dúró dè wá. Tá a bá dé Mowo, ìwọ fúnra rẹ lo máa sọ fún Àlùhájì ẹni tó tà ọ́ nínú ilé wa.