Orúkọ Mọ́kànlélógójì Lórí Gbohùngbohùn

Kí n tó kí ẹnikẹ́ni, ìròyìn kan wà tó wúwo lọ́kàn mi, mi ò sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ níta. Àga tí mo ti ń jókòó lé nínú yàrá àwọn olùkọ́ láti ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn kán lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ òní, ní aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò sẹ́ni tó jókòó lé e. Ó kàn dùbúlẹ̀ ni. A ti ṣe gbogbo ohun tí okùn lè ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dákẹ́ díẹ̀.

Ó tó bẹ́ẹ̀.

Alága wa, Togbe Ametefe, ọba Amedzikope, mo júbà. Ẹ̀yin àgbà ìlú, mo júbà. Madam Kuwornu, ọ̀gá ilé-ìwé wa, mo kí yín. Ẹ̀yin òbí, mo kí yín. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ti ń wo agolo bisikíìtì láti ìgbà tí mo ti dìde, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí gbogbo yín pátá.

Wọ́n ní kí n sọ ìtàn ayé mi kí n tó fẹ̀yìn tì lónìí. Kò gùn. Wọ́n bí mi, mo kọ́ ọmọ ní ìṣirò, mo pé ọgọ́ta ọdún. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́wàá kan wà láàárín rẹ̀ tí mi ò lè fò, torí pé ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ bóyá olùkọ́ ni mí tàbí ẹni tó kàn ń di ṣọ́ọ̀kì mú.

Ọdún kòrónà ni. Ìjọba ti ilé-ìwé, wọ́n ní kí àwọn ọmọ máa kẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù. Ìmọ̀ràn tó dára ni. Ọmọ mọ́kànlélógójì ló wà ní kíláàsì mi, kíláàsì kejì girama kékeré. Fóònù tó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé gbogbo wọn jẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ ti pásítọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, mo ti ń rí àwọn ọmọ mi létí adágún, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Ẹ̀rù bà mí. Ọmọ tí kò bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu olùkọ́ fún ìgbà pípẹ́, ta ló máa dá a padà sí kíláàsì? Mo búra níwájú ìyàwó mi pé mọ́kànlélógójì ló jáde ní géètì, mọ́kànlélógójì náà ló máa padà wọlé. Ìyàwó mi ní, "Baba Edem, ẹ jẹun ná."

Bí a kò bá rí àdán, a máa ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Mo lọ bá Efo Gameli, tó ni gbohùngbohùn orí òpó láàárín ọjà, pé kó jẹ́ kí n máa pe orúkọ àwọn ọmọ mi níbẹ̀ láràárọ̀. Ó gbà. A ṣètò gbogbo nǹkan. Ohun kan ṣoṣo la gbàgbé: ká sọ fún ìlú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni kò mọ̀ pé orúkọ tí gbohùngbohùn bá pè ní aago mẹ́fà àárọ̀ ní Amedzikope, orúkọ òkú ni? Èmi tí mo ti gbé ibí láti kékeré ni mi ò rántí. Efo Gameli kọ́kọ́ fi orin ìsìnkú sí i, torí òun nìkan ni orin tó ní. Èmi náà wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀: "Abotsi, Delali. Adzraku, Sefakor." Kí n tó dé orúkọ kẹsàn-án, igbe ti gba ìlú. Odindi kíláàsì kan, láàárín òru kan! Ìyá Delali ju ara rẹ̀ sílẹ̀ lójúde. Delali fúnra rẹ̀ dúró tì í pẹ̀lú ife kókó lọ́wọ́, ó ń bi ìyá rẹ̀.

"Dada, ta ló kú?"

"Ìwọ ni! Dákẹ́, jẹ́ kí n sunkún!"

Mama Abla Dotse, ìyá àgbà Sitsofe, gbé ọ̀pá wá bá mi. "Tísà, ṣé orí rẹ pé? Ọmọ-ọmọ mi ń sùn nínú ilé, o ń sin ín lórí òpó!"

Mo tọrọ àforíjì lọ́jọ́ náà, mo sì tún ń tọrọ rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí inú Mama Abla ṣe rọ̀ tán, ó ní, "Bó o bá fẹ́ máa pè wọ́n, jẹ́ kí wọ́n dáhùn. Òkú kì í dáhùn." Bí abọ́ lílù ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo pe orúkọ, ọmọ náà á lu abọ́ irin níwájú ilé wọn. Bí abọ́ kò bá dún, àwọn aládùúgbò á lọ jí i.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Madam Kuwornu fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìbéèrè ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógójì. Tísà Senanu kọ́ gbogbo ìlú lórí gbohùngbohùn bí ojú ṣe ń ríran, ewúrẹ́ mẹ́rin sì sọnù láàárín ẹ̀kọ́ náà, a kéde wọn. Ẹ̀yin Davi Afi tí ẹ ń ta kẹ́ńkẹ́, oúnjẹ àgbàdo tí a ń fi ẹja jẹ, ta ló rán yín níṣẹ́? Ọmọ kò lè ra oúnjẹ mọ́ láìdáhùn ìbéèrè.

"Méjìlá lọ́nà méjìlá?"

"Davi, ebi ń pa mí."

"Mi ò bi ọ́ nípa ebi."

"Ọgọ́rùn-ún kan ó lé mẹ́rìnlélógójì."

"Ó káre. Gba ẹja kan sí i."

Inú wa dùn. Àfi ní oṣù keje. Mo pe "Dotse, Sitsofe," abọ́ kò dún. Àǹtí rẹ̀ ti mú un lọ sí erékùṣù òdìkejì adágún láti máa yan ẹja, gbohùngbohùn wa kò sì dé ibẹ̀. Mo pè é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láràárọ̀ ni gbogbo ìlú ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn pẹ̀lú mi.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyí, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ojú tì mí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo fò ó. Láti orí Deku, mo bọ́ sí Dzokoto. Kí n tó délé, Mama Abla ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi. Kò mú ọ̀pá wá.

"Tísà, lọ́jọ́ tó o kọ́kọ́ pe ọmọ mi, mo sunkún. Lónìí o ò pè é. Ẹkún wo ni kí n wá sun?"

Ìṣirò ni mo fi ń jẹun, mo sì ti yọ ọ̀kan kúrò nínú mọ́kànlélógójì, mo ń ṣe bí ẹni pé kò dín.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe orúkọ rẹ̀. Mo tún fi ìbéèrè ọ̀sẹ̀ náà rán Efo Kodzo sí i, ẹni tó máa ń fi ọkọ̀ ojú omi ná ọjà erékùṣù. Nígbà tó dé, mo sáré lọ bá a.

"Tísà, ẹja pọ̀ o."

"Kodzo, mi ò béèrè ẹja."

"Ọmọ náà gba ìwé. Ó ní kí n sọ fún yín pé ìbéèrè kẹrin kò tọ̀nà."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Kò tọ̀nà lóòótọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, àṣìṣe kò dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí! Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ ọjà ni ìwé Sitsofe ń bọ̀, tó ń rùn bí ẹja yíyan. Ológbò Madam Kuwornu jẹ ọ̀kan. A fún ọmọ náà ní máàkì rẹ̀ pérépéré.

Oṣù kìíní dé, wọ́n ní kí ilé-ìwé wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo pe orúkọ lórí òpó fún ìgbà ìkẹyìn. Mo dé "Dotse, Sitsofe." Mo tẹ́tí sílẹ̀. Abọ́ kan wá dún láti orí omi. Ó dúró nínú ọkọ̀ Kodzo láàárín apẹ̀rẹ̀ ẹja, ó ń fi ìgbakọ lu báàfù bí ẹni tí inú ń bí. Mama Abla sáré wọ omi dé orúnkún, ó ń ké pé, "Rọra lù ú, báàfù mi ni!" Ẹkún ló ń sun.

Mọ́kànlélógójì ló wọlé. Sitsofe, dìde kí wọ́n rí ọ. Ó ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ báyìí. Ó ṣì ń bá mi wá àṣìṣe.

Ẹ̀yin tí mo nà láìṣẹ̀, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ tí mi ò nà, ẹ dúpẹ́. Kí adágún yìí má gbé ọmọ wa. Kí a má pe orúkọ ọmọ, kí ilé dákẹ́. Ayọ̀ ni mo fi ń lọ, kí ayọ̀ má kúrò lọ́dọ̀ yín. Ẹ ṣé o.

Ẹ má tíì dìde. Madam ní lẹ́tà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, pé ó jọ ìdúpẹ́, kí n kà á sétí yín.

"Sí Ọ̀gbẹ́ni P. Agbemafle, olùkọ́ ìṣirò. A ti yẹ fáìlì yín wò. Fún oṣù mẹ́wàá tí ilé-ìwé fi wà ní títì, kò sí àkọsílẹ̀ pé ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìlànà wa kò mọ abọ́ lílù. Nítorí náà, a ti kọ ẹ̀yin àti akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlélógójì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò wá. Ẹ máa ṣiṣẹ́ san oṣù mẹ́wàá náà padà kí ẹ tó lè fẹ̀yìn tì. Kí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, aago méje àárọ̀. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà wá pẹ̀lú, nínú aṣọ ilé-ìwé."